Rábì obìnrin nínú aṣọ ológun: kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an?

Adérónkẹ́_Ẹ̀gbá kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Nínú ìjíròrò tí a ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí obìnrin àti iṣẹ́ àlùfáà, ẹnìkan sọ pé òun ò rí bí obìnrin ṣe máa jẹ́ rábì, ìyẹn àlùfáà àwọn Júù, àti pé bó bá tilẹ̀ jẹ ẹ́, kí ló fẹ́ lọ ṣe láàárín àwọn ọmọ ogun? Wọ́n ti ìjíròrò yẹn pa kí n tó ráyè fèsì, ni mo ṣe dá èyí sílẹ̀. Ohun tó ti ń lọ láti ohun tó lé lógójì ọdún ní Amẹ́ríkà ni ẹni yẹn ń bi wá bóyá ó lè ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Regina Jonas, ọmọ Berlin, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí rábì. Rábì Max Dienemann ló fún un ní Offenbach, lóṣù Kejìlá ọdún 1935, nígbà tí Hitler ti gorí oyè. Nígbà tí wọ́n kó o lọ sí Theresienstadt, àgọ́ tí ìjọba Hitler ń kó àwọn Júù sí, lọ́dún 1942, kò dákẹ́. Ó ń wàásù níbẹ̀, ó sì ń lọ pàdé àwọn tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀, kí ọkàn wọn má bàa dà rú pátápátá. Ọdún 1944 ni wọ́n pa á ní Auschwitz, àgọ́ tí wọ́n ti ń pa àwọn Júù. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọdún 1972 kí iléèwé Hebrew Union College ní Cincinnati tó fi Sally Priesand jẹ rábì.

Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn Priesand, lọ́dún 1978, Bonnie Koppell forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ológun tí Amẹ́ríkà máa ń pè nígbà tó bá nílò wọn, ìyẹn Army Reserve. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni nígbà yẹn, ọdún 1981 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di rábì. Ó lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ náà, ó di kọ́nẹ́ẹ̀lì, ó dé Iraq, ó dé Afghanistan. Lọ́dún 1986, Julie Schwartz wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Lọ́dún 1993, Chana Timoner di rábì obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ àlùfáà ológun bí iṣẹ́ òòjọ́ nínú ọmọ ogun orí ilẹ̀. Kò pẹ́ láyé, ọmọ ọdún 46 ni nígbà tó kú lọ́dún 1998. Sarah Schechter ló ṣáájú nínú ọmọ ogun òfuurufú, lọ́dún 2003.

Ohun tó ń jọ mí lójú nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: nígbà tí sínágọ́gù púpọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá obìnrin lè dúró níwájú ìjọ, iṣẹ́ ológun ti fún Koppell láṣọ, ó ti fún un lóyè, ó sì ti rán an níṣẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú iṣẹ́ náà.

Díákónì_Olúwọlé kọ:

Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò mi. Mo kà á tán, mo sì mọ rírì wàhálà yín. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí obìnrin dákẹ́ nínú ìjọ. Bí ìjọ tó wà nínú ilé bá rí bẹ́ẹ̀, ojú ogun ńkọ́, níbi tí ẹsẹ̀ ọkùnrin pàápàá ti ń gbọ̀n? Mi ò kórìíra obìnrin, ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo bí, mo sì rán gbogbo wọn níléèwé. Ọlọ́run ló pín iṣẹ́, ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn.

Adérónkẹ́_Ẹ̀gbá kọ:

Ẹ ṣeun, sà. Lẹ́tà Pọ́ọ̀lù ò sí nínú ìwé mímọ́ àwọn Júù, nítorí náà kò lè de rábì. Ìwé tí àwa àti àwọn jọ ń kà ni ká lọ yẹ̀ wò. Nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́, abẹ́ igi ọ̀pẹ ni Dèbórà ń jókòó sí tí gbogbo Ísírẹ́lì ń gbé ẹjọ́ wá bá a. Nígbà tí ogun Sísérà dé, Bárákì tó jẹ́ ọ̀gágun ló sọ pé òun ò ní gbẹ́sẹ̀ láìjẹ́ pé Dèbórà bá òun lọ. Obìnrin náà ò sì fi ìdákẹ́jẹ́ dá a lóhùn. Ó dìde, ó bá a lọ.

Akin_Ìkirè kọ:

Mo kí gbogbo ilé. Ọmọ Ìkirè ni mí, mo sì wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣápíléènì, ìyẹn àlùfáà ológun, kàn ń wàásù lọ́jọ́ Sunday ni.

Iṣẹ́ wọn pín sí ọ̀nà méjì. Ṣápíléènì máa ń darí ìsìn fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ẹ̀sìn kan. Fún àwọn yòókù, ó gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí wọ́n á fi rí tiwọn ṣe. Bí rábì ni wọ́n gbé wá sí ẹgbẹ́ ológun yín, tí ẹ̀yin sì jẹ́ Kátólíìkì, kì í ṣe òun ló máa ṣe Máàsì fún yín, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ló wà pé kí fádà dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn Júù ò pọ̀ nínú iṣẹ́ ológun, rábì ò sì tó nǹkan rárá. Èyí ló fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn rábì ológun kì í ṣe Júù. Ọmọ Baptist ni, ọmọ Mormon ni, ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ ni. Ẹni tí ìyàwó ẹ̀ kọ̀wé ìkọ̀sílẹ̀ sí. Ẹni tí oorun ò kun mọ́.

Ohun kejì ni àṣírí. Ohun tí o bá sọ fún ṣápíléènì ò lè dé etí ọ̀gá rẹ. Kọ̀máńdà ò lè fipá gbà á lẹ́nu ẹ̀. Dókítà lè kọ ọ́ sínú ìwé, ọ̀gá lè kọ ọ́ sínú ìwé, ti ṣápíléènì ń gbé inú ẹ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì wọ aṣọ yìí rí lè má mọ bí ìyẹn ṣe tóbi tó.

Mo ti bá rábì obìnrin kan pàdé ní Kuwait. Mùsùlùmí ni bàbá mi, èmi ni mo tẹ̀lé ìyá mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ìròyìn ikú bàbá mi fi dé etí mi, wọ́n ti sin ín, torí ọjọ́ tó kú náà ni wọ́n gbé e wọ ilẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ń bi mí ọjọ́ tí ìsìnkú máa jẹ́, mo sì ń ṣàlàyé títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Rábì yẹn nìkan ni kò bi mí. Ó ní nílé tiwọn náà, òkú kì í sùn bí ọwọ́ bá ká a. Ó gbé àga ẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n pe bàbá mi bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki í. Mo kì í láti orí ìran wọn títí dé orí ìyá tó bí i. Obìnrin yẹn ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Kò wo aago, kò dá mi dúró. Nígbà tí mo ṣe tán, ó béèrè ẹni tó kọ́ mi, mo ní ìyá bàbá mi ni, ó ní kí n rí i pé mo kọ́ ọmọ mi.

Díákónì, bàbá mi lẹ jẹ́ o, mi ò lè bá yín jiyàn Bíbélì. Ohun tí ojú mi rí ni mo sọ.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀ṣun kọ:

Akin, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo sunkún níbi tí mo jókòó sí.

Táíwò_Onítàn kọ:

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kún un. Ọ̀rọ̀ yìí ní gbòǹgbò kan tó dùn mọ́ mi.

Nígbà tí Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1861, òfin sọ pé àlùfáà ìjọ Kristẹni nìkan ló lè jẹ́ àlùfáà ológun. Ẹgbẹ́ agẹṣinjagun kan tí Júù pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Cameron's Dragoons, yan Arnold Fischel pé kó wá ṣe é. Ìjọba kọ̀ ọ́. Fischel ò padà sílé lọ fọwọ́ lẹ́rán. Ó gba ọ̀dọ̀ Ààrẹ Lincoln lọ ní Washington lóṣù Kejìlá ọdún náà, Lincoln sì ṣèlérí fún un. Oṣù Keje ọdún 1862 ni òfin yí padà, lóṣù Kẹsàn-án ni Jacob Frankel ará Philadelphia, tó máa ń kọ orin àdúrà nínú sínágọ́gù, wá di àlùfáà ológun àkọ́kọ́ nínú àwọn Júù. Ilé ìwòsàn àwọn sójà ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ apá kejì. Nínú ogun kan náà, lọ́dún 1864, ẹgbẹ́ ológun tó ń yin àgbá ńlá láti Wisconsin yan Ella Gibson Hobart, obìnrin tí wọ́n ti fi jẹ àlùfáà, pé òun làwọn fẹ́. Lincoln ní òun ò ní ohun tí òun ní lòdì sí i. Stanton tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ogun ló kọ̀, ó ní obìnrin ni. Hobart ṣiṣẹ́ náà títí ogun fi parí. Ọdún 2002 ni Kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì tó fi oyè kápútẹ́ẹ̀nì dá a lọ́lá, ó sì ti kú ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ nígbà náà. Ó di ọdún 1973 kí ọmọ ogun ojú omi tó gba Dianna Pohlman ti ìjọ Presbyterian, òun sì lobìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà ní tòótọ́.

Nínú ogun kan ṣoṣo, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Júù, wọ́n sì tì í mọ́ obìnrin. Koppell ní láti gba ẹnu ọ̀nà méjèèjì wọlé.

Bísí_Peckham kọ:

Ẹ̀gbọ́n Táíwò, ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè mi rèé o. Àwọn Júù tó di àṣà àtijọ́ mú ṣinṣin, àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì, ṣé wọ́n gba rábì obìnrin? Tí wọn ò bá gbà, kí ni sójà tó jẹ́ Ọ́tódọ́ọ̀sì máa ṣe bó bá jẹ́ obìnrin ni wọ́n gbé wá bá a?

Adérónkẹ́_Ẹ̀gbá kọ:

Ìbéèrè gidi nìyẹn, Bísí. Púpọ̀ nínú wọn ò gbà. Ẹgbẹ́ àwọn rábì Ọ́tódọ́ọ̀sì tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà fi ẹnu kò lọ́dún 2015 pé àwọn ò ní fi obìnrin jẹ rábì, àwọn ò sì ní gba obìnrin síṣẹ́ rábì. Sara Hurwitz ti gba ìwé ẹ̀rí lọ́nà ti Ọ́tódọ́ọ̀sì lọ́dún 2009, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn tó tẹ̀lé e ò tíì tán dòní. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ka ẹ̀sìn Júù mìíràn, ìyẹn àwọn Rífọ́ọ̀mù, àwọn Reconstructionist àti àwọn Kọnsáfétíìfù, tí Amy Eilberg ṣáájú fún lọ́dún 1985, ni rábì obìnrin ti wọ́pọ̀.

Ibi tó ti ń di ìṣòro ni kíka iye èèyàn. Àwọn àdúrà kan wà tí wọn kì í ṣe láìjẹ́ pé èèyàn mẹ́wàá pé. Ọ́tódọ́ọ̀sì, ọkùnrin mẹ́wàá ni. Lọ́dọ̀ àwọn Rífọ́ọ̀mù, ìkà kan náà ni wọ́n ń ka ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ wá fojú inú wo ibùdó kan nínú aginjù tí gbogbo Júù ibẹ̀ ò ju méjìlá lọ, tí márùn-ún nínú wọn jẹ́ obìnrin.

Akin_Ìkirè kọ:

Bó ṣe máa ń rí ni pé sójà Ọ́tódọ́ọ̀sì lè sọ pé òun ò ní gbàdúrà lẹ́yìn obìnrin, kò sí ẹni tó máa fìyà jẹ ẹ́ fún un. Rábì obìnrin yẹn gan-an ló máa wá ìwé àdúrà tó fẹ́ fún un, tó máa rí i pé oúnjẹ tó bá òfin wọn mu dé ọwọ́ ẹ̀, tó sì máa bá a wá sójà ọkùnrin tó mọ àdúrà náà kó máa ṣáájú. Ojúṣe ẹ̀ ni. Mi ò rò pé ó rọrùn, kéèyàn máa sin ẹni tí kò gbà pé oyè ẹ̀ jẹ́ oyè. Ìdí tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún wọn nìyẹn.

Kọ́ládé_K kọ:

Ṣé wọ́n ń gbé ìbọn?

Akin_Ìkirè kọ:

Rárá, àbúrò. Àdéhùn Geneva ka àlùfáà ológun mọ́ àwọn tí kì í jà. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń gbé ìbọn tó sì ń ṣọ́ ọ. Àmì ẹ̀sìn ẹ̀ ló wà láyà: àgbélébùú fún Kristẹni, oṣù fún Mùsùlùmí, wàláà òfin méjì pẹ̀lú ìràwọ̀ Dáfídì lókè fún Júù.

Alhaja_Ṣìfáwù kọ:

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Akin, Ọlọ́run á kẹ́ bàbá rẹ. Ṣé wọ́n ní lèmọ́mù nínú iṣẹ́ ológun yẹn? Ohun kan sì wà tí mò ń rò. Nínú ẹ̀sìn tiwa, obìnrin ló ń wẹ òkú obìnrin, àfi ọkọ rẹ̀ tí ó lè wẹ̀ ẹ́. Obìnrin ń kú lójú ogun báyìí. Ta ló ń wẹ̀ wọ́n lọ́dọ̀ àwọn Júù?

Adérónkẹ́_Ẹ̀gbá kọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, Alhaja. Lèmọ́mù wà, mà. Abdul-Rasheed Muhammad ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbà, lọ́dún 1993, ọdún kan náà tí Timoner wọlé.

Lórí òkú wíwẹ̀, bákan náà ni òfin wọn rí pẹ̀lú tiyín: obìnrin fún obìnrin. Ó wá gbé mi dé Ísírẹ́lì, tí mo ti ń wá àyè láti sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹnìkan lè rò pé ibẹ̀ ni rábì obìnrin ológun máa pọ̀ sí jù, nígbà tó jẹ́ pé ọmọbìnrin wọn ń wọṣẹ́ ológun dandan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì ni ẹ̀ka àwọn rábì ológun wà níbẹ̀ láti ìgbà tí Shlomo Goren ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1948, ọkùnrin sì ni àwọn rábì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìkọlù tí Hamas ṣe sí Ísírẹ́lì lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ibùdó ológun Shura ni wọ́n ń kó òkú lọ láti mọ ẹni tó jẹ́ ta. Ẹ̀ka àwọn rábì ológun yẹn ló ń bójú tó o, òun náà ló sì pe ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tó ti ní nílẹ̀ wá láti tọ́jú òkú àwọn sójà obìnrin. Àwọn ló ń ṣí àpò, àwọn ló ń wẹ̀, àwọn ló ń fi aṣọ funfun wé wọn. Iṣẹ́ tó nira jù nínú gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ka náà dé ọwọ́ obìnrin, oyè rábì ò dé ibẹ̀. Ó ń dùn mí, mi ò ní fi bò.

Alhaja_Ṣìfáwù kọ:

Ẹni tó bá ti wẹ òkú rí mọ̀ pé ìsìn ni. Ìsìn ńlá ni.

Díákónì_Olúwọlé kọ:

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti àárọ̀. Akin ọmọ mi, mo bá ọ kẹ́dùn, mo sì gbà pé obìnrin yẹn ṣe dáadáa. Kí obìnrin jókòó ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, kò sí ẹni tó ń bá a jà. Ti pẹpẹ ni mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn àlùfáà mẹ́rin inú ọkọ̀ ojú omi Dorchester ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1943, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì yìnbọn lù wọ́n nítòsí Greenland, omi ibẹ̀ tutù bíi yìnyín, èèyàn tó lé ní 600 ló sì kú. Àwọn mẹ́rin yìí bọ́ ẹ̀wù ìléfòó wọn fún àwọn ọmọ ogun tí kò ní, wọ́n di apá ara wọn mú, wọ́n sì ń gbàdúrà bí ọkọ̀ ṣe ń rì. Ọkùnrin ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí mo mọ̀ sí àlùfáà ogun nìyẹn.

Adérónkẹ́_Ẹ̀gbá kọ:

Dádì, inú mi dùn pé ẹ mú wọn wá. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ìtàn yẹn tí ara rẹ̀ ò ní bù máṣọ. Méjì nínú wọn jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì, George Fox àti Clark Poling. John Washington jẹ́ fádà Kátólíìkì. Alexander Goode jẹ́ rábì. Nígbà tí ọ̀gá ológun ojú omi kan fẹ́ padà lọ mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ ọkọ̀, Goode bọ́ ti ọwọ́ ara rẹ̀ fún un, ó ní òun ní òmíràn. Kò ní. Ọkùnrin yẹn ló fi ìbọ̀wọ́ náà di ọkọ̀ kékeré mú títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹni tó gba ìbọ̀wọ́ ò béèrè bóyá Goode gba Jésù gbọ́. Lọ́dún 1861 òfin ti sọ pé irú Goode ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gbà, bí ẹ̀gbọ́n Táíwò ṣe ṣàlàyé. Ìdí tí wọ́n fi ti Júù síta nígbà yẹn náà ni pé pẹpẹ ò tọ́ sí wọn. Kí lẹ rò pé yóò ti ṣẹlẹ̀ lórí Dorchester bí òfin yẹn bá ṣì dúró?

Díákónì_Olúwọlé kọ:

Ẹ̀sìn àti jíjẹ́ obìnrin kì í ṣe nǹkan kan náà, àbúrò mi. Mi ò tíì yí ọkàn padà lórí pẹpẹ. Lórí ibùsùn ẹni tó ń kú, mo gbà fún yín.

Adérónkẹ́_Ẹ̀gbá kọ:

Mo gbọ́ yín, sà, mo sì dúpẹ́ pé ẹ ò bínú. Ṣùgbọ́n mi ò lè gba ìdajì yẹn lọ́wọ́ yín, torí iṣẹ́ náà kò ṣeé là sí méjì. Ẹni tó tan àbẹ́là ní ìrọ̀lẹ́ Friday, tó súre lórí búrẹ́dì, tó ka Tórà, ìwé òfin Mósè, níwájú wọn, òun kan náà ni wọ́n ń wá lọ bá lóru nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn bá kú. Bí kò bá sí níbi àdúrà, wọn ò ní mọ̀ ọ́n débi tí wọ́n á fi wá a lóru.

Ẹ tún wo Koppell. Nígbà ọdún àwọn Júù, ó ń kúrò nílé rẹ̀ ní Arizona, ó ń lọ bá àwọn sójà ní Iraq, ní Kuwait, ní Afghanistan, kí wọ́n lè rí ẹni ṣáájú wọn níbi ìsìn. Rábì ò pọ̀ tó láti yan ọkùnrin nìkan. Bó bá jókòó sílé nítorí pé obìnrin ni, ta ni ì bá lọ?